Oògùn ibà fún ọmọ kékeré: hóró àgbà tá a gé, olómi, èyí tó ń yòrò, tàbí abẹ́rẹ́?

Ìyá tó bá gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná wá sí kẹ́mísì lálẹ́ ní Iléṣà kì í sábà dárúkọ irú oògùn tó fẹ́. "Ẹ bá mi wá oògùn ibà ọmọ ọdún kan," gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ oògùn kan náà, artemether-lumefantrine tí à ń lò fún ọjọ́ mẹ́ta, wà lórí pẹpẹ ní oríṣiríṣi. Hóró ńlá ti àgbàlagbà wà, hóró kékeré wà, èyí tó ń yòrò sómi wà, ìyẹ̀fun inú ìgò tá a máa fi omi pò náà wà, yàtọ̀ sí abẹ́rẹ́ tí àwọn òbí kan máa ń tọrọ. Owó wọn kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í gbé ìwọ̀n kan náà wọnú ọmọ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ni ibà ń pa jù nílẹ̀ wa, nítorí náà ó yẹ ká fara balẹ̀ yan èyí tá a máa rà.

Ohun kan ṣáájú rírà: ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò. Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé ká máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ká tó fún ẹnikẹ́ni ní oògùn ibà. Wọ́n á gún ọmọ níka, wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ sórí pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan, láàrin nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 èsì á ti jáde. Kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ibà ẹ̀fọn. Bó bá jẹ́ àyà ló ń dun ọmọ, tó ń mí gùlegùle, oògùn ibà tó wọ́n jù lọ kò ní ràn án lọ́wọ́.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Ìbéèrè mẹ́rin ni mo máa ń bi oògùn kọ̀ọ̀kan. Ṣé ohun tó wọnú ọmọ bá ìwúwo rẹ̀ mu? Ṣé bó ṣe rí nígbà àkọ́kọ́ náà ló máa rí títí dé ìgbà kẹfà tó kẹ́yìn? Ṣé ọmọ á gbé e mì? Eélòó ni? Owó ni mo fi sẹ́yìn, kì í ṣe pé mi ò mọ bí ọjà ṣe rí. Oògùn tí kò pé ìwọ̀n ló máa ń mú kí èèyàn tún owó ná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìwúwo ló gba iwájú. Bí à ń ṣe é ní kílò nìyí, tá a bá lo hóró kékeré tó ní artemether 20 mílígíráàmù àti lumefantrine 120: ọmọ tó wọn kílò 5 títí dé 14 á lo hóró 1 lẹ́ẹ̀kan, kílò 15 sí 24, hóró 2, kílò 25 sí 34, hóró 3, kílò 35 sókè, hóró 4. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹfà lápapọ̀. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní kílò 15: oògùn di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ ọdún mẹ́ta kan lè wọn kílò 11, ẹlòmíràn tí wọ́n jọ bí lọ́sẹ̀ kan náà á wọn 16. Ẹni tó bá ta oògùn fún àwọn méjèèjì nítorí pé "ọmọ ọdún mẹ́ta" ni wọ́n á fún ọ̀kan nínú wọn ní ìdajì tàbí ìlọ́po méjì ohun tó yẹ ẹ́.

Ó yẹ kí àwa ará Iléṣà mọ ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n yìí ju àwọn yòókù lọ. David Morley, dókítà òyìnbó tó ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild Hospital láàrin ọdún 1956 sí 1961, ló dá ilé ìwòsàn àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 sílẹ̀ níbí. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé tí kò jìnnà sí wa, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì ń wọn àwọn ọmọ láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn, wọ́n sì ń fa ìlà ìwúwo wọn sórí káàdì. Káàdì yẹn ló di èyí tí ayé ń lò. Torí náà, ẹ mú káàdì ọmọ dání tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ wá ra oògùn. Bí ìwọ̀n tó wà lórí rẹ̀ bá ti lé lóṣù kan, ẹ tún ọmọ wọ̀n. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ bọ́ aṣọ òtútù, ẹ yọ ìlédìí tó ti tutù, torí ìlédìí tó kún nìkan lè sún ọmọ kílò 14 àti ààbọ̀ kọjá ààlà.

Hóró àgbà tá a gé

Èyí ló wọ́pọ̀ jù, òun ló sì ń kọ mí lóminú jù. Hóró àgbà tó gbajúmọ̀ nísinsìnyí ní 80 mílígíráàmù artemether àti 480 lumefantrine, mẹ́fà ló wà nínú páálí. Hóró kan jẹ́ hóró kékeré mẹ́rin. Ìyá ọmọ á ṣírò ó pé, "Mẹ́rin nínú ọ̀kan, mo gé e sí mẹ́rin nìyẹn," yóò sì rò pé páálí kan á tó ọmọ rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìṣirò náà kò burú, ọ̀bẹ ni kò lè ṣe é.

Ìyá kan tú ìwé tó fi wé èyí tó ti gé sílẹ̀ lórí káńtà mi. Ègé mẹ́rin ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì hóró, ọ̀kan kò ju ẹ̀hìn èékánná lọ, ìyẹ̀fun pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀ sì kún ojú ìwé náà. "Èwo lẹ fẹ́ fún un láàárọ̀, mà?" ni mo bi í. Ó wo ìwé náà títí, ó ní, "Èyí tó bá kọ́kọ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́ ni." Ọmọ náà wọn kílò 9. Bó bá bọ́ sí ègé ńlá, á lo ju ohun tó yẹ lọ. Bó bá bọ́ sí kékeré, kò ní tó. Ìyẹ̀fun tó kù sínú ìwé kò sí nínú ìkankan.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì wà nínú iṣẹ́ oògùn náà fúnra rẹ̀. Oògùn méjì ló wà nínú hóró kan. Artemether ń pa kòkòrò ibà púpọ̀ láàrin wákàtí díẹ̀, kì í pẹ́ kó tó kúrò lára. Ara ọmọ á rọlẹ̀ ní ọjọ́ kejì, inú ìyá á dùn. Lumefantrine ló máa dúró nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ láti kó kòkòrò tó ṣẹ́ kù. Bí lumefantrine kò bá tó, àwọn tó kù náà á bí sí i, ibà á padà dé nígbà tí gbogbo ilé ti rò pé ó tán. Wọ́n á ní oògùn náà kò dára, tàbí pé ẹ̀fọn tún jẹ ọmọ, nígbà tó jẹ́ pé ìwọ̀n ni kò pé.

Kí n má ṣe dá a lẹ́bi tán. Ọmọ tó bá wọn kílò 15 sí 24 nílò ìdajì hóró àgbà gẹ́lẹ́, bó bá sì jẹ́ èyí tí wọ́n fa ìlà sí láàrin ni, èèyàn lè kán an sí méjì kó sì dọ́gba dáadáa. Mo gbà bẹ́ẹ̀ fún ẹni tówó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ kí wọ́n kán an lórí ìlà, kì í ṣe kí wọ́n fi ọ̀bẹ gé e. Fún ọmọ tí kò tó kílò 15, àti fún èyí tó nílò ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, mi ò gbà á láéláé.

Olómi inú ìgò

Òun ni ọ̀pọ̀ òbí fẹ́ràn. Ó dùn, ó rọrùn láti fún ọmọ, ìgò rẹ̀ sì rí bí ohun tí wọ́n dìídì ṣe fún ọmọdé. Owó rẹ̀ sábà máa ń ga ju ti hóró lọ. Ohun mẹ́ta ló ń bà á jẹ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì máa ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé, lẹ́yìn tí oògùn ti kúrò lọ́wọ́ wa.

Àkọ́kọ́ ni omi. Ìyẹ̀fun ló wà nínú ìgò, ẹ máa bu omi tó ti hó tó sì ti tutù sí i títí dé ojú ìlà, ẹ óò mì í, ìyẹ̀fun á rọ̀ sísàlẹ̀, ẹ óò tún bu omi dé ojú ìlà náà. Ẹni tí kò bá tún un bù lẹ́ẹ̀kejì ti ṣe oògùn tó ki ju bó ṣe yẹ. Ẹni tó bu omi kọjá ìlà ti là á. Bí ẹ bá sọ fún apòògùn pé kó bá yín pò ó lójú yín, kò ní kọ̀.

Èkejì ni ṣíbí. Ṣíbí inú ilé kì í dọ́gba. Ṣíbí tíì ilé kan lè gba mílílítà 3, ti ilé kejì á gba 6. Síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu ni kẹ́ ẹ fi fà á, tàbí ife kékeré tó bá ìgò wá. Kí ẹ sì mì ín dáadáa kí ẹ tó fà á ní gbogbo ìgbà, torí oògùn yìí máa ń rọ̀ sísàlẹ̀: ẹni tí kò mì ín á fún ọmọ ní omi dídùn lọ́jọ́ kìíní, á wá fún un ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lọ́jọ́ kẹta.

Ẹ̀kẹta ni agbára. Ìgò kì í jọra. Òmíràn ní artemether 15 nínú mílílítà 5, òmíràn ní 20. Ẹni tó ti mọ "ṣíbí kan" láti inú ìgò tó lò lọ́dún tó kọjá lè má rí ìwọ̀n yẹn nínú ìgò tuntun. Mo tún fẹ́ kí ẹ ṣírò ohun kan pẹ̀lú mi. Ìgò mílílítà 60 tó ní 15 nínú mílílítà 5 ní artemether 180 lápapọ̀. Tá a bá fi ìwọ̀n kílò tá a kọ sókè ṣe é, ọmọ kílò 10 nílò 20 lẹ́ẹ̀mẹfà, 120 nìyẹn, ìgò kan tó o. Ọmọ kílò 17 nílò 40 lẹ́ẹ̀mẹfà, 240. Ìgò kan kò tó o, yóò tán nígbà tó ku ẹ̀ẹ̀kan àti ààbọ̀, ọ̀pọ̀ òbí á sì rò pé bí ìgò ṣe tán ni oògùn pé. Àwọn ọmọ tó ti ń sanra díẹ̀ gan-an ni olómi ń já kulẹ̀ jù.

Èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ dà á nù. Kì í ṣe ohun tá a máa tọ́jú de ibà oṣù tó ń bọ̀, pàápàá nínú yàrá tó gbóná tí iná kò sí.

Hóró tó ń yòrò sómi

Bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan fún ọmọ tó wọn kílò 5 sí 24 tí kò ní ewu mìíràn lára, òun ni mo máa mú. Ọdún 2009 ni ilé iṣẹ́ Novartis àti àjọ Medicines for Malaria Venture gbé èyí tó kọ́kọ́ dé jáde, lẹ́yìn náà ni àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe tiwọn. Ìwọ̀n 20 àti 120 náà ló wà nínú rẹ̀. Hóró kọ̀ọ̀kan wà nínú ilé tirẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ títí di ìgbà tẹ́ ẹ bá já a, nítorí náà ti ìgbà kẹfà kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Kò sí ìlà omi, kò sí ṣíbí, kò sí ìṣirò agbára.

Bí a ṣe ń lò ó: ẹ fi hóró sínú ife mímọ́, ẹ bu omi bíi ṣíbí tíì méjì sí i, ẹ rò ó títí á fi yòrò, ẹ fún ọmọ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ bu omi díẹ̀ sínú ife náà, kẹ́ ẹ ṣàn án, kẹ́ ẹ sì fún un ní èyí pẹ̀lú, torí oògùn máa ń lẹ̀ mọ́ ara ife. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fo èyí.

Àléébù rẹ̀ kò ju pé kì í sí ní gbogbo kẹ́mísì. Nítòsí Ọjà Àtàkúnmọ́sà àti láwọn ilé oògùn ńlá, ẹ lè rí i. Láwọn abúlé tó yí Iléṣà ká, hóró àgbà àti ìgò olómi lẹ máa bá. Bẹ́ ò bá rí i, hóró kékeré lásán tó ní 20 àti 120 dára bákan náà, ẹ kàn lọ odidi rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ṣíbí, ẹ fi omi díẹ̀ pò ó. Ẹ má gé nǹkan kan níbẹ̀. Owó rẹ̀ kì í sì í sábà tó ti olómi.

Ọ̀rá, wákàtí àti èébì

Kò sí èyí tẹ́ ẹ mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò kàn. Lumefantrine kì í wọnú ẹ̀jẹ̀ dáadáa bí kò bá rí ọ̀rá. Ọmú ìyá tó o. Fún èyí tí wọ́n ti já lẹ́nu ọmú, ògì tí a fi mílíìkì tàbí ẹ̀pà lílọ̀ sí dára. Ògì funfun lásán kò tó. Mo ti rí ìyá tó fún ọmọ ní oògùn tó péye lórí ebi nítorí pé ẹnu ọmọ kò gba nǹkan. Bí kò bá lè jẹun, kó mu ọmú tàbí mílíìkì díẹ̀, kódà bí kò ju ẹnu mélòó kan lọ.

Ìgbà kejì ni wákàtí 8 lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, kì í ṣe àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ á jí ọmọ ní aago márùn-ún ìdájí. Lẹ́yìn ìyẹn, àárọ̀ àti alẹ́. Bí ọmọ bá bì kí wákàtí kan tó pé, ẹ tún un fún un lódindi. Ìdí nìyí tó fi yẹ kẹ́ ẹ tètè padà wá ra hóró kan sí i dípò kẹ́ ẹ fi ti alẹ́ dí i.

Abẹ́rẹ́

"Ẹ fún un lábẹ́rẹ́ kó lè tètè ṣiṣẹ́." À ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́. Abẹ́rẹ́ dára fún ibà tó ti le, kò sì yẹ kó jẹ́ ní kẹ́mísì. Ọmọ tí kò lè mu omi tàbí ọmú mọ́, tó ń bì gbogbo nǹkan, tó ti ní gìrì, tí kò lè jókòó, tí orun rẹ̀ kò ṣeé jí, tí ojú rẹ̀ funfun tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi kóòkì, ilé ìwòsàn ló ń lọ ní wákàtí yẹn kan náà.

Artesunate ni abẹ́rẹ́ tó yẹ kí wọ́n fún un níbẹ̀. Ìwádìí ńlá kan lórí àwọn ọmọdé ní ilẹ̀ Áfíríkà tó jáde ní 2010 fi hàn pé ó ń gba ẹ̀mí là ju kuínínì lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ọmọ kékeré ń gba ju àgbà lọ fún kílò kan: mílígíráàmù 3 fún kílò kọ̀ọ̀kan fún ọmọ tí kò tó kílò 20, mílígíráàmù 2.4 fún ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ara ọmọdé ń tètè pín oògùn náà, ó sì ń tètè lé e jáde. Ẹni tó bá fi ìṣirò àgbà ṣe ti ọmọ ti fún un ní kékeré jù, nígbà tó rò pé òun ń ṣọ́ra. Abẹ́rẹ́ artemether olóròóró tí wọ́n ń gún sí itan kò dà bí èyí. Bó ṣe ń wọnú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó ti rẹ̀ kò ṣeé fọkàn tẹ̀. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ èyíkéyìí, ọmọ gbọ́dọ̀ tún lo oògùn ẹnu ọlọ́jọ́ mẹ́ta pé.

Oògùn kan tún wà tí wọ́n ń fi sí ihò ìdí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6, kó lè di í mú dé ilé ìwòsàn bí ọ̀nà bá jìn. Ti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé ni, kò sì lè rọ́pò lílọ sí ilé ìwòsàn.

Àwọn tí mi ò ní ta oògùn fún láìjẹ́ pé dókítà rí wọn

Ọmọ tí kò tó kílò 5. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí oògùn artemether-lumefantrine tí wọ́n ṣe fún wọn. À ń lo ti àwọn tó jù wọ́n lọ. Oṣù keje ọdún 2025 ni àjọ tó ń rí sí oògùn ní Switzerland fọwọ́ sí Coartem Baby, tí wọ́n ṣe fún ọmọ kílò 2 títí di èyí tí kò tó 5. Ọmọ irú èyí, Wesley Guild tàbí ilé ìwòsàn ńlá mìíràn ló yẹ ẹ́.

Ọmọ tó rù gan-an. Ìwádìí ti fi hàn pé iye lumefantrine tó ń wọnú ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń kéré bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n kílò wọn ni wọ́n lò. Wọ́n nílò ẹni tí á máa wò wọ́n lẹ́yìn ìwòsàn. Ọmọ fòníkú-fọ̀ládìde náà, torí ibà lè dá wàhálà mìíràn sílẹ̀ lára rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ọmọ tàbí ìyá tó ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ (TB), ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́. Rifampicin, ọ̀kan nínú oògùn ikọ́ náà, máa ń mú kí ara lé artemether àti lumefantrine jáde kíákíá débi pé oògùn ibà náà lè má ṣiṣẹ́ rárá. Efavirenz tí àwọn kan ń lò fún HIV náà máa ń dín in kù. Àwọn olùwádìí ní ẹ̀ka ìmọ̀ oògùn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ ti ṣiṣẹ́ lórí efavirenz lára àwọn aláboyún àti abiyamọ ilẹ̀ wa, wọ́n sì rí i pé ohun tí ẹnì kan jogún nínú ara rẹ̀ lè mú kí oògùn kan náà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ju ti ẹnì kejì lọ. Ìtìjú kò yẹ kó dí yín lọ́wọ́ níbí. Ẹ lè pe apòògùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Aláboyún ńkọ́? Nínú oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kuínínì là ń fún wọn tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 2022 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbà kí wọ́n lo artemether-lumefantrine nígbà yẹn náà, ní ìwọ̀n àgbà. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú oyún yín mọ̀.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ọmọ kílò 5 sí 14: hóró tó ń yòrò, bí kò bá sí, hóró kékeré tá a lọ̀ lódindi. Ẹ mú olómi nígbà tí méjèèjì kò bá sí tàbí tí ọmọ bá ń bì hóró jáde ní gbogbo ìgbà, kí apòògùn sì bá yín pò ó.

Kílò 15 sí 24: hóró méjì tó ń yòrò. Ẹni tówó rẹ̀ kò ká a lè kán hóró àgbà tó ní ìlà sí méjì gẹ́lẹ́. Ẹ má fi ìgò olómi kan ṣoṣo ṣe é.

Kílò 25 sí 34: hóró kékeré mẹ́ta. Kílò 35 sókè: hóró àgbà kan. Ọmọ tó bá ní àmì ibà líle: ilé ìwòsàn, fún abẹ́rẹ́ artesunate.

Èyí yòówù kẹ́ ẹ mú, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí, kẹ́ ẹ sì ha ibi tí wọ́n bo mọ́lẹ̀ láti fi nọ́ńbà inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tí wọ́n kọ síbẹ̀, kẹ́ ẹ tó san owó.

Bí ara ọmọ bá ṣì ń gbóná lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, tàbí tí ibà bá padà kí oṣù kan tó pé, ẹ má ra páálí mìíràn. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n á ti fi ẹ̀rọ awò-kòkòrò wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, torí pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tá a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò lè máa fi hàn pé ibà wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú. Ẹ mú páálí oògùn àkọ́kọ́ dání, àti káàdì ìwọ̀n ọmọ.